Òkè, odò, òkun àti ojú ọjọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ jọ́gíráfì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ìtumọ̀ odò, òkè àti aṣálẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé kí ló gbé òkè náà síbẹ̀, tàbí kí ló dé tí odò náà fi gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á dákẹ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀kọ́ yìí wà. Nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí, mo sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́, mo sì gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣe é.

Kí ni jọ́gíráfì ojú ilẹ̀ ń kọ́ wa?

Ó ń kọ́ wa nípa ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti igbó bí wọ́n ṣe wà láyé láìka iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn mọ́ ọn. Ẹ̀ka kejì ló ń sọ̀rọ̀ ìlú, òwò àti ààlà orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ka méjèèjì máa ń wọnú ara wọn, àmọ́ ti àkọ́kọ́ la mú lọ́wọ́ níbí.

Kí ni ìlà ìbú àti ìlà òòró, ta ló sì fà wọ́n?

Kò sí ẹni tó fà wọ́n sórí ilẹ̀. Ìlà tí a fi ọkàn rò ni wọ́n, a sì ń fi wọ́n sọ ibi tí nǹkan wà gan-an lójú ayé. Ìlà ìbú ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, yálà ní àríwá tàbí ní gúúsù. Agbedeméjì ayé ni dígírì 0, ìkángun àríwá àti ìkángun gúúsù sì jẹ́ dígírì 90. Láti dígírì ìbú kan sí èkejì tó nǹkan bíi kìlómítà 111.

Ìlà òòró ní tirẹ̀ ń lọ láti ìkángun àríwá dé ìkángun gúúsù. Bí ayé ṣe ń yí ló fi ibi tí agbedeméjì wà hàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí ìlà òòró gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí àwọn ènìyàn fẹnu kò. Ní 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì fọwọ́ sí i pé kí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London jẹ́ dígírì 0. Láti ibẹ̀ la ti ń ka dígírì 180 sí ìlà-oòrùn àti 180 sí ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí dígírì 0 méjèèjì ti pàdé bọ́ sójú omi, nínú Òkun Àtìláńtíìkì, níhà gúúsù Gánà.

Ayé ń yí dígírì 360 láàárín wákàtí 24. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé dígírì 15 jẹ́ wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí aago ibì kan fi ń yàtọ̀ sí ti ibòmíràn.

Ṣé bí ayé bá sún mọ́ oòrùn ni ooru ń mú?

Rárá o. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ, tí àlàfo àárín wọn ń jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 147. Ìgbà yẹn gan-an ni òtútù ń mú ní Yúróòpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje tí ayé jìnnà sí oòrùn jù lọ, tí àlàfo náà tó mílíọ̀nù 152, ooru ló ń mú níbẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé ayé kò dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bíi dígírì 23.5, bó sì ṣe ń yí oòrùn ká láàárín ọjọ́ 365 àti nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ibì kan náà ló ń tẹ̀ sí. Ní oṣù kẹfà, ìdajì ayé tó wà ní àríwá ló kọjú sí oòrùn. Ní oṣù kejìlá, ó kan ìdajì gúúsù. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tan án sí ògiri gangan: ìmọ́lẹ̀ á kóra jọ sójú kan, á sì mọ́ kedere. Ẹ wá dá tọ́ọ̀ṣì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́: ìmọ́lẹ̀ kan náà á tàn ká ibi tó fẹ̀, á sì di bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe ń ṣe sí ilẹ̀. Ibi tó bá kàn gangan á gbóná, ọ̀sán ibẹ̀ á sì gùn. Ibi tó bá kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ á tutù, ọ̀sán ibẹ̀ á sì kúrú. Ìyàtọ̀ yìí kéré nítòsí agbedeméjì ayé, ni àwọn tó ń gbé lágbègbè ibẹ̀ ṣe ń fi òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn pín ọdún.

Dígírì 23.5 yẹn náà ló bí àwọn ìlà mẹ́rin mìíràn tí ẹ ń rí lórí máàpù. Ìlà 23.5 ní àríwá àti ní gúúsù ni òpin ibi tí oòrùn lè dúró sí gangan lókè orí ènìyàn. Láti ìlà 66.5 lọ sí ìkángun, ó kéré tán, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí oòrùn kì í wọ̀, àti ọjọ́ kan tí kì í yọ.

Kí ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀?

Lókè pátá ni èèpo ayé, ó sì tínrín: kìlómítà 5 sí 10 lábẹ́ òkun, nǹkan bíi 30 sí 70 lábẹ́ kọ́ńtínẹ́ǹtì. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele àárín wà, ó lọ sísàlẹ̀ tó kìlómítà 2,900. Àwọn kan rò pé iná olómi ni gbogbo ibẹ̀. Òkúta ni o, àmọ́ ó gbóná débi pé ó rọ̀, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Inú lọ́hùn-ún ni kókó ayé, tó jẹ́ irin àti níkẹ́ẹ̀lì. Apá òde kókó yìí ti yọ́, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn rẹ̀ le gbagidi bó tilẹ̀ gbóná jù, nítorí ẹrù gbogbo ayé ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Báwo la ṣe mọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó débẹ̀? Ìgbì tí ìmìtìtì ilẹ̀ ń rán gba inú ayé kọjá ló sọ fún wa. Inge Lehmann, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Denmark, ló tipa irú ìgbì bẹ́ẹ̀ fi hàn ní 1936 pé kókó líle kan wà láàárín èyí tó yọ́. Àwa fúnra wa kò tíì jìnnà rárá: ihò tó jìn jù lọ tí ènìyàn gbẹ́ sínú ilẹ̀ lóòró wà ní Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262 péré ló jìn. Kò tilẹ̀ la èèpo ayé já.

Ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń rìn?

Òótọ́ ni, ó sì ń rìn lọ́wọ́ báyìí. Èèpo ayé àti apá òkè ìpele àárín ti là sí àwẹ́ ńláńlá. Méje ló sábà máa ń jẹ́ àwọn tó tóbi jù, àwọn kéékèèké sì wà láàárín wọn. Àríwá Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀ jìnnà síra wọn lọ́dọọdún, nítorí pé ilẹ̀ ń là ní àárín Òkun Àtìláńtíìkì, òkúta yíyọ́ sì ń jáde láti dí àlàfo náà.

Alfred Wegener, ará Jámánì tó jẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́, gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1912. Ó wo etí òkun Gúúsù Amẹ́ríkà àti ti Áfíríkà, ó rí i pé wọ́n wọnú ara wọn. Ó wo òkúta ìhà méjèèjì, wọ́n jọra. Ẹranko afàyàfà àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Mesosaurus. Egungun rẹ̀ wà ní Brazil, ó wà ní gúúsù Áfíríkà, irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò sì lè wẹ odindi òkun já. Wegener ní ilẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ nígbà kan rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà ayé rẹ̀ kò gbà á gbọ́, torí kò lè sọ agbára tó ń ti ilẹ̀ náà. Ó kú sórí yìnyín Greenland ní 1930. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn tó ń ya máàpù ìsàlẹ̀ òkun ya òkè gbọọrọ tó la àárín Àtìláńtíìkì já kedere. Marie Tharp, tó wà lára wọn, ló rí i pé àfonífojì kan gba àárín òkè náà kọjá, níbi tí ilẹ̀ ti ń là gan-an. Kí ẹ̀wádún 1960 sí 1969 tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ti fara mọ́ ọn.

Àwọn àwẹ́ ilẹ̀ yìí lè jìnnà síra, wọ́n lè kọlu ara wọn, wọ́n sì lè fi ẹ̀gbẹ́ ha ara wọn kọjá. Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ rántí ìwọ̀nyí. Ìdí tí òkè ńlá, ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè ayọnáyèéfín fi wà níbi tí wọ́n wà, nínú rẹ̀ ló wà.

Kí ló ń fa ìmìtìtì ilẹ̀?

Etí àwẹ́ méjì máa ń há mọ́ra nígbà tí ara wọn yòókù ṣì ń rìn. Agbára á máa kóra jọ síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí òkúta kò fi ní lè mú un mọ́ra mọ́, á sì já lójijì. Ibi tó ti já nínú ilẹ̀ ni ojú ìmìtìtì. Ibi tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀ lókè ni ìròyìn sábà máa ń dárúkọ. Ìwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀ kì í gòkè lọ́gbọọgba: láti 6 sí 7, agbára tó jáde fi nǹkan bí ìlọ́po 32 pọ̀ sí i. Èyí tó lágbára jù lọ tí ẹ̀rọ tíì gbà sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Chile ní 1960, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.5.

Bí ìsàlẹ̀ òkun bá ti ipa bẹ́ẹ̀ sọ sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀, gbogbo omi tó wà lórí rẹ̀ á bá a lọ. Èyí ló ń di sùnámì. Lójú agbami, ọkọ̀ ojú omi lè má mọ̀ pé ó kọjá, síbẹ̀ ó ń sáré tó kìlómítà 700 láàárín wákàtí kan. Bó bá dé ibi tí omi kò jìn, eré rẹ̀ á dín kù, á sì ga sókè. Ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004 ní Òkun Íńdíà gba ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 200,000. Bí òkun bá ṣàdédé fà sẹ́yìn, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn, kí ènìyàn má ṣe lọ ṣa ẹja níbẹ̀ o: orí òkè ni kó sá lọ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ohun kan náà ni mágímà àti láfà?

Òkúta yíyọ́ ni méjèèjì. Nígbà tó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, mágímà ni. Bó bá ti tú jáde, ó di láfà. Òkè ayọnáyèéfín ni ojú ibi tó ń gbà jáde, láfà àti eérú tó ń kó jọ nígbàkigbà tó bá tú jáde sì ló ń mú kí òkè náà ga.

Eérú rẹ̀ lè rìn jìnnà gan-an. Òkè Tambora ní Indonesia bú gbàmù ní 1815. Ohun tó tú sójú sánmà dí oòrùn lọ́wọ́ débi pé ní 1816, yìnyín bọ́ ní oṣù kẹfà ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, irè oko bàjẹ́ ní Yúróòpù, ebi sì pa àwọn ènìyàn.

Òkè wo ló ga jù láyé?

Ó dá lórí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Láti ìpele omi òkun, Everest ni, mítà 8,848.86, gẹ́gẹ́ bí Nepal àti Ṣáínà ṣe jọ kéde rẹ̀ ní 2020. Láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, Mauna Kea ní Hawaii ga jù ú lọ. Mítà 4,207 péré ló hàn lókè omi, ìyókù wà nínú òkun. Bó bá sì jẹ́ láti àárín gbùngbùn ayé, Chimborazo ní Ecuador ló borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà 6,263 ni gíga rẹ̀ láti ìpele òkun. Ayé kò rí roboto dáadáa, ó wú díẹ̀ ní agbedeméjì, itòsí ibẹ̀ sì ni Chimborazo dúró sí.

Everest àti àwọn òkè Himalaya yòókù jáde nígbà tí àwẹ́ ilẹ̀ Íńdíà kọlu ti Éṣíà. Ìkọlù náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, kò sì tíì tán. Òkúta tó wà lórí ṣóńṣó Everest jẹ́ òkúta ẹfun tí òkun ṣe, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi sì wà nínú rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní: ibi tó ga jù lókè omi, ìsàlẹ̀ omi ló wà nígbà kan.

Ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú, pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti àfonífojì ńkọ́?

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀, níbi tí odò ti da ẹrẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú jẹ́ pẹrẹsẹ bákan náà, àmọ́ òkè ló wà. Ti Tibet ju mítà 4,000 lọ níbi púpọ̀. Àfonífojì ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ láàárín òkè, odò tàbí yìnyín ló sì sábà máa ń gbẹ́ ẹ. Odò Colorado ní Amẹ́ríkà ló gbẹ́ Grand Canyon, tó gùn tó kìlómítà 446, tó sì jìn ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ láwọn ibì kan.

Oríṣi òkúta mélòó ló wà?

Mẹ́ta. Èyí tó ti inú iná wá, tí mágímà tàbí láfà tutù di, bíi gíránáìtì. Èyí tí omi tàbí afẹ́fẹ́ kó jọ ní ìpele-ìpele, bí òkúta iyanrìn àti òkúta ẹfun. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí padà láì jẹ́ kó yọ́: òkúta ẹfun máa ń tipa bẹ́ẹ̀ di mábù. Òkúta kankan kò dúró sójú kan títí láé, ọ̀kan lè di èkejì bí àkókò bá gùn tó.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí òkúta jẹrà àti kí nǹkan gbá ilẹ̀ lọ?

Bí òkúta bá ń fọ́ tàbí tó ń jẹrà níbi tó wà, tí kò kúrò lójú kan, ìjẹrà ni. Ooru ọ̀sán àti òtútù òru lè sán an. Omi lè wọ ojú ibi tó sán kó sì dì, omi tó bá sì dì máa ń fẹ̀ sí i. Gbòǹgbò igi lè là á. Omi òjò pàápàá ní ásíìdì díẹ̀ nínú, òun ló ń jẹ òkúta ẹfun títí ó fi ń di ihò àpáta.

Bí omi, afẹ́fẹ́ tàbí yìnyín bá wá gbé ohun tó fọ́ náà lọ, ìgbálọ nìyẹn. Àkọ́kọ́ ló ń pèsè ẹrù, èkejì ló ń rù ú, a sì ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀ kí ìwòsàn ilẹ̀ tó lè yé wa: ẹni tó bá gbin koríko sórí ilẹ̀ tó dagun kò dá ìjẹrà dúró, ìgbálọ ló dá dúró.

Kí ni àwọn ẹ̀yà odò?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé Odò Ọya láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ó ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí a ń wá. Orísun rẹ̀ wà lórí àwọn òkè Guinea, nǹkan bíi kìlómítà 240 péré sí Òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni tó bá wo máàpù á rò pé á kàn ṣàn wọnú òkun nítòsí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó rẹlẹ̀ lomi ń tẹ̀ lé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dagun sí ìhà kejì. Ni odò náà bá kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó forí lé àríwá ìlà-oòrùn, ó wọ Mali.

Ní Mali, ilẹ̀ tẹ́jú, eré omi dín kù, odò náà sì ya sí ẹ̀ka púpọ̀ pẹ̀lú irà àti adágún. Ọ̀pọ̀ omi ibẹ̀ ni oòrùn ń fà gbẹ. Nítòsí Timbuktu ni ó ti ṣẹ́rí, ó gba Niger kọjá, ó wọ Nàìjíríà. Ní Lọ́kọ́ja, Odò Bẹ́núè bọ́ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpàdé odò, Bẹ́núè sì ni ẹni tó wá fi omi tirẹ̀ kún ti Ọya. Gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá sínú odò kan, láti orí òkè dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, la ń pè ní agbègbè odò náà. Ohun tí ẹnì kan bá dà sínú omi ní òkè agbègbè náà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò bá a pàdé.

Lẹ́yìn kìlómítà 4,180, odò náà dé ẹnu rẹ̀ ní etí òkun. Níbẹ̀, kò lágbára mọ́ láti ru iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀, ó dà á sílẹ̀, ilẹ̀ tuntun ń wú jáde, omi sì ń wá ọ̀nà gba àárín rẹ̀ ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Dẹ́ltà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo odò ló ní dẹ́ltà. Níbi tí ìgbì òkun bá ti lágbára ju ẹrẹ̀ lọ, ẹnu odò á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi iyọ̀ àti omi dídùn á sì máa pò mọ́ra níbẹ̀.

Kí ló dé tí odò fi ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ?

Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, omi tó wà ní ẹ̀yìn kọ́nà ń sáré, ó ń gbẹ́ bèbè. Èyí tó wà nínú kọ́nà ń rọra lọ, ó ń da iyanrìn sílẹ̀. Kọ́nà náà á máa pọ̀ sí i. Nígbà tó bá yá, odò lè gba ọ̀nà àbùjá la ọrùn kọ́nà kọjá, kọ́nà àtijọ́ á sì di adágún tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

Kí ló ya adágún, ọ̀sà àti òkun sọ́tọ̀?

Adágún ni omi tí ilẹ̀ yí ká. Baikal ní Rọ́ṣíà ló jìn jù lọ, mítà 1,642, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi dídùn tí kò dì tó wà lójú ilẹ̀ ayé ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀sà wà lẹ́bàá òkun, iyanrìn ló dí i mọ́, ó sì máa ń ní ibi tóóró tó fi ń bá òkun pàdé. Òkun ló so gbogbo ayé pọ̀, ó bo nǹkan bí ìdá 71 nínú 100 ojú ayé, Pàsífíìkì sì ni ó tóbi jù lọ.

Iyọ̀ inú òkun tó gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan. Odò ló ń ru púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú òkúta. Oòrùn ń fa omi padà sókè, iyọ̀ kì í bá a lọ. Òkú Òkun, láàárín Jọ́dánì àti Ísírẹ́lì, fi èyí hàn gbangba: Odò Jọ́dánì ń wọlé, kò sí odò tó ń jáde, nítorí náà iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an ju ti òkun gidi lọ. Ojú omi rẹ̀ sì fi ju mítà 400 lọ rẹlẹ̀ sí ìpele òkun.

Erékùṣù, pẹnínsúlà, ọrùn ilẹ̀, ọrùn omi: báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká pátápátá. Greenland ló tóbi jù. Bí omi bá yí ilẹ̀ ká lọ́nà mẹ́ta tí ọ̀nà kẹrin sì so mọ́ ilẹ̀ ńlá, pẹnínsúlà ni, bí Ítálì. Ọrùn ilẹ̀ ni ilẹ̀ tóóró tó so ilẹ̀ ńlá méjì pọ̀, bíi Panama. Ọrùn omi ni omi tóóró tó so òkun méjì pọ̀. Ti Gibraltar, láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ níbi tó fún jù.

Kí ló dé tí omi òkun fi ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́?

Òòfà òṣùpá ni, ti oòrùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Omi ń wú ní ìhà tó kọjú sí òṣùpá, ó sì ń wú ní ìhà kejì ayé pẹ̀lú, nítorí náà ní ibi púpọ̀ omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, pẹ̀lú wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 láàárín ìkún kan sí èkejì. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá yọ roboto, òṣùpá àti oòrùn jọ ń fà lójú ìlà kan, ìkún á pọ̀ jù. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, omi lè ga tó mítà 16 láàárín ìfà àti ìkún.

Ṣé ojú ọjọ́ òní ni a fi ń mọ irú ojú ọjọ́ tí ibì kan ní?

Rárá. Òjò tó rọ̀ lówùúrọ̀, ooru tó mú lọ́sàn-án, ti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Irú ojú ọjọ́ tí ibì kan ní jẹ́ àròpọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé sì máa ń fi ọdún 30 wò ó. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan tí òtútù mú kò lè já ọ̀rọ̀ pé ayé ń gbóná sí i nírọ́.

Báwo ni òjò ṣe ń rọ̀?

Ooru ń sọ omi òkun, odò àti ti ewé di ọ̀rinrin tí a kò lè fojú rí. Bí afẹ́fẹ́ tó gbé e bá gòkè, á tutù. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè mú ọ̀rinrin púpọ̀ mọ́ra, ni ó bá di ìkùukùu, ó di òjò. Gbogbo ọ̀rọ̀ òjò dá lórí ohun tó gbé afẹ́fẹ́ náà sókè. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ gbígbóná lọ́sàn-án, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tútù tó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òkè tó dí i lọ́nà.

Ti òkè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Afẹ́fẹ́ tó gun òkè á da omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà tó kọ́kọ́ kàn, ìhà kejì á sì gbẹ. Mawsynram, lórí òkè ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, ń gba òjò tó ju mìlímítà 11,000 lọ lọ́dún. Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, igbó kìjikìji Amazon wà ní ìhà ìlà-oòrùn òkè Andes, aṣálẹ̀ Atacama tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí òjò rárá sì wà ní ìwọ̀-oòrùn; omi òkun tútù tó ń kọjá létí rẹ̀ tún dá kún ọ̀gbẹlẹ̀ náà.

Ṣé ibi tí iyanrìn bá pọ̀ sí ni aṣálẹ̀?

Àìsí òjò ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í ṣe iyanrìn tàbí ooru. Ibi tí òjò rẹ̀ kò bá tó mìlímítà 250 lọ́dún la sábà ń kà sí aṣálẹ̀. Nínú Sàhárà pàápàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni iyanrìn bò; ìyókù jẹ́ òkúta, àpáta àti ilẹ̀ líle. Aṣálẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé sì wà lábẹ́ yìnyín, ní Antarctica, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 14 níbùú lóòró, nígbà tí Sàhárà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.

Bí yìnyín bá yọ́, ṣé òkun á kún?

Ó dá lórí ibi tí yìnyín náà wà. Òkè yìnyín tó ń léfòó lójú òkun, tí nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ti gba àyè tirẹ̀ nínú òkun tẹ́lẹ̀. Bó bá yọ́, omi kò ní fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Àmọ́ yìnyín tó wà lórí ilẹ̀, èyí tí òjò dídì kó jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tó wúwo débi pé ó ń rọra ṣàn sọ̀ kalẹ̀ tó sì ń gbẹ́ àfonífojì, òun ni ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tíì wọ òkun. Bí ti Greenland bá yọ́ tán, òkun á fi nǹkan bíi mítà 7 gòkè; ti Antarctica á fi nǹkan bíi 58 kún un. Omi òkun tó ń gbóná tún ń fẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà òkun ń gòkè láti ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.